Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Ní Ọmọ Mi Máa Dàgbà Bá

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ti jókòó dáadáa, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò ní bínú. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí láti Ajah títí dé Igbó Ẹfọ̀n ló ti fi mí rẹ́rìn-ín tán. Ẹ̀yin nìkan ló kù.

Lébìrà ni mí. Ìkirè ni mo ti wá, mi ò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àtìgbà náà ni mo sì ti ń po kọnkéré. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í purọ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹni bẹ́ẹ̀ kàn máa ń purọ́ ní ṣókí ni.

Yàrá kan la ń gbé lọ́nà Badore ní Ajah, èmi, Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó mi, àti Tolúwani ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Aṣọ ilé ìwé ni Jùmọ̀kẹ́ ń rán. Òun ló ni gbólóhùn tí mo fi ba ara mi jẹ́: "Ó máa dàgbà bá a."

Ẹni tó bá ti tọ́mọ lórí owó kékeré mọ gbólóhùn yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ra bàtà ilé ìwé, ẹ ó ra èyí tó tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ, ẹ ó ki àkísà sí i nímú. Bí ẹ bá fẹ́ rán yunifọ́ọ̀mù, ẹ ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú dáadáa, kí ẹ lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga. Tolúwani ò tíì wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu rí láyé. Ìgbà tí bàtà bá máa bá a mu, bàtà ti lu.

Ọgbọ́n ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó bá wà nílẹ̀ lásán, olè náà lè gbé e lò.

Orí kẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ lánlọ́ọ̀dù wa ni Tolúwani ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ọmọ yẹn lọ sí Ìbàdàn, tòun ti kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìwé wọn ń múra ìńtáháùsì, ìdíje eré ìdárayá wọn. Àǹtí Fèyíkẹ́, olùkọ́ wọn, ní àwọn ọmọ kéékèèké máa fi kẹ̀kẹ́ díje, kí ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ nílé nawọ́ sókè.

Tolúwani nawọ́. Ó délé, ó sọ fún mi pé òun ti nawọ́.

Mo bi í pé kẹ̀kẹ́ wo. Ó ní èyí tí ẹ máa rà fún mi ni.

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì ṣèlérí. Ó ní kó jẹ́ BMX, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ní táyà kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí àwọn ọmọdé ló ń gun ìyẹn. Jùmọ̀kẹ́ bá sọ fún àwọn ará ilé pé mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́. Lánlọ́ọ̀dù rò pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láràárọ̀ bí ẹni ń kí ọ̀gá. Nígbà tó gbọ́ pé ti ọmọdé ni, ó gba ìkíni rẹ̀ padà.

Ọ̀dọ̀ Fàtíù ni mo lọ. Géńdé tó lẹ́nu ni. Ó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì, kéèyàn tó dé ọjà Ajah, ó fi wọ́n kọ́ ara fẹ́ǹsì bí ẹni sá aṣọ.

Ó bi mí pé ọmọ náà dà. Mo ní ó wà nílé ìwé. Ó ní, "Bàbá, ta ló ń ra bàtà láìmú ẹsẹ̀ dání?" Mo ní àwa ni.

Ó ní kí n kúkú fọwọ́ júwe bó ṣe ga tó. Mo júwe. Ó gbé pupa kékeré kan sọ̀kalẹ̀, táyà rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ó ní bí ọmọ bá jókòó lé e, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó búréèkì, kí ìka rẹ̀ sì lágbára tó láti fún un. Kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ lè gbé e dìde fúnra rẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ò bá lè gbé dìde," ó wí, "ẹ̀yin lẹ máa máa gbé e."

Ó yí táyà, ó fa ṣéènì, ó ní kí n má wo ọ̀dà, kí n má wo òǹtẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, pé ọ̀dà kì í gbé ọmọ dúró níwájú mọ́tò, búréèkì ló ń ṣe é. Owó rẹ̀ ò wọ́n. Ó wà lápò mi. Ká ní mo ti san án nígbà yẹn ni, ẹ̀yin ì bá máa ka ìtàn ẹlòmíràn báyìí.

Ìgbà náà ni ojú mi lọ sára dúdú kan.

Ó ń dán bí ojúgun tí wọ́n fi àdí pa. Fàtíù rí ojú mi. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ti ọmọdé, pé ogún ìǹṣì ni táyà rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n wo bí ara rẹ̀ ṣe gùn. Àwọn géńdé tó ń fi kẹ̀kẹ́ dárà létí òkun ní Oniru ló ń gun irú ẹ̀. Mo bi í bóyá ó lè gbé èèyàn bíi tèmi.

Ó ní, "Èmi fúnra mi, òun ni mo fi ń lọ jẹun."

Mo ní kí n kàn dán an wò. Gbogbo ẹni tó bàjẹ́ láyé yìí ló kọ́kọ́ dán nǹkan wò.

Mo gùn ún dé iwájú ẹni tó ń ta páànù, mo ṣẹ́rí padà. Afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń dúró de mọ́tò ní Ajah láàárọ̀, tí ẹ̀ ń fi ìgbúnwọ́ bá ara yín jà nítorí àyè ẹsẹ̀ kan, ẹ̀yin ló máa yé. Mo rí ara mi lójú inú, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo yín, ẹnikẹ́ni ò gbún mi.

Ẹnu mi ló sọ ọ́, mo gbọ́ ọ létí ara mi. "Dúdú yìí ni mo máa mú. Ọmọ náà máa dàgbà bá a."

Fàtíù wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́, ó tún wò mí.

"Bàbá," ó wí, "ta ló máa dàgbà bá a?"

Mo kawó lé e lọ́wọ́. Mo ti sọ fún yín pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nílé, Tolúwani fò mọ́ mi lọ́rùn. Gbogbo ọmọ inú ilé ló tú jáde. Mo gbé e lé orí ìjókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n gbé dání. Ó na ìka ẹsẹ̀ títí, ó ní, "Dádì, ilẹ̀ jìnnà."

Jùmọ̀kẹ́ kò fẹ́ já mi kulẹ̀ níwájú àwọn èèyàn. Inú yàrá ló ti sọ tirẹ̀. "Bàbá Tolú, bàtà ni mo mọ̀ pé wọ́n ń ki àkísà sí nímú. Kí lẹ máa wá ki sínú kẹ̀kẹ́?"

Mo ní ọmọ kì í pẹ́ ga. Mo ní ìńtáháùsì ṣì jìnnà. Mo ní bó bá ń jẹ ẹ̀wà dáadáa, ó máa dàgbà bá a. Gbólóhùn Jùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni, ta ló máa bá a jiyàn?

Tolúwani ò fẹ́ràn ẹ̀wà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹ ẹ́ tán. Láràárọ̀, tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù tán, ó máa dúró ṣanṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó máa fọwọ́ wo ibi tí ìjókòó dé lára rẹ̀. Àyà ló dé.

Ẹ má rò pé ojú ń tì mí. Bó ṣe ń wo gíga rẹ̀, èmi ń wo bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú táyà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún Jùmọ̀kẹ́ pé kò dáa kí kẹ̀kẹ́ máa dúró sójú kan, irin tí kì í rìn ló ń dógùn-ún. Mo ní mo máa máa mú un gbóná.

Ó ní, "Ẹ máa mú un gbóná. Ṣé ó ní ẹ́ńjìnnì ni?"

Mo ní ohunkóhun tó bá ń yí ló yẹ kí wọ́n máa mú gbóná. Ìlú Èkó la wà. Àwọn ọlọ́lá tí kì í gbé mọ́tò wọn jáde, ẹ máa gbọ́ ọ láàárọ̀ tó ń kù nínú gáréèjì, wọ́n á ní àwọn ń mú un gbóná, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń mú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà gbóná láti Ajah dé Igbó Ẹfọ̀n nìyẹn, àlọ àti àbọ̀.

Ayé dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Itan ro mí ní ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó jinná. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ títì, tí mo bá dé ibi tí èrò ti ń dúró de mọ́tò, mo máa ń rọra gùn ún, kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Ilé alájà púpọ̀ kan là ń kọ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá ní Igbó Ẹfọ̀n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún wọlé, Victor, tó máa ń di irin mọ́ra níbi iṣẹ́ wa, dìde, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí kí mi bíi sójà. Ó ní, "Ọ̀gá BMX, ẹ káàbọ̀ o." Orúkọ náà mọ́ mi lórí láti òwúrọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe lébìrà, kò sẹ́ni tó pè mí ní ọ̀gá rí. Ká ní ọ̀gá aláǹgbá ni wọ́n pè mí, mo máa jẹ́ ẹ.

Hakeem, fóòmán wa, náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi. Ọ̀gá BMX, sáré lọ ra ìṣó. Ọ̀gá BMX, bá mi gbé kọ́kọ́rọ́ yìí fún ẹ́ńjiníà ní Lẹ́kkí Phase 1. Mi ò po kọnkéré bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ru páànù sórí, èmi wà lójú títì tí mò ń súfèé.

Ohun kan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìjókòó náà kéré ní gíga, orókún mi ń gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Victor ní mo dà bí ọ̀pọ̀lọ́ lórí rẹ̀, irú ọ̀gá wo nìyẹn. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin fèrèsé. Wẹ́dà ní irin tó gbé ìjókòó náà ò lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá páìpù tó ṣẹ́kù, ó gbé ìjókòó lé e lórí, ó wọ̀n ọ́n mọ́ itan mi.

Ó bi mí pé, "Ṣé kí n ṣe é kó ṣeé tú, àbí kí n jó o pa?"

Mo bi í pé èwo ló yá. Ó ní kóun jó o pa ló yá.

Fóòmán ń pè mí. Mo ní kó jó o pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ṣì lè ní mò ń bá ọmọ mi tọ́jú kẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tí iná wẹ́dà tàn, tí mo sì yíjú kúrò kó má baà fọ́ mi lójú, kò sí ọmọ tó lè dàgbà bá a mọ́, àfi tí ọmọ náà bá dàgbà tó mi. Mo mọ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́yìn tí mo gùn ún tán ni pé, "Orókún mi ti na."

Mi ò lè gbé e délé mọ́. Mo ń fi í pamọ́ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà, mo sì ní ó wà lọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Tolúwani bi mí pé kí ló ń ṣe é. Mo ní búréèkì ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó ní ṣé búréèkì ti ń sàn. Mo ní ó ń sàn díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé a lè lọ kí i?"

Mo ní wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọlé.

Ìńtáháùsì wá sún mọ́lé. Jùmọ̀kẹ́ ni wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ fún láti rán. Ó rán ti Tolúwani, yẹ́lò, ó sì bi mí níbi ẹ̀rọ pé atúnkẹ̀kẹ́ṣe wo ni, kóun lọ gbà á. Mo ní ọkùnrin náà ti lọ sìnkú ní Ìlọrin. Ó ní ta ló kú. Mo ní ìyá rẹ̀. Ó ní ṣé kò fi ẹnì kankan sí ṣọ́ọ̀bù ni. Mo ní àbúrò rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, ìyá kan náà ló bí wọn, wọ́n jọ lọ ni. Irọ́ máa ń bí irọ́, tèmi ń bí ìbejì.

Ètò mi rọrùn. Mo máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí eré náà bọ́ sí, mo máa padà wálé lálẹ́, mo máa ní àwọn ará Ìlọrin ò tíì dé. Ọmọ máa sunkún. Mo máa ra bisikíìtì. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọdé máa ń tètè gbàgbé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti gbàgbé bó ṣe ṣe ọmọdé.

Láàárọ̀ Sátidé, Hakeem rán mi sí Ajah pé kí n lọ gba ọwọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà á, mo gbé ọ̀rá rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo ń padà bọ̀. Mo mọ pápá tí ilé ìwé Tolúwani gbà fún eré wọn, ẹ̀bá títì ni. Mo gbọ́n. Mo gba ẹ̀yìn, ojú ọ̀nà kékeré tí kò sí mọ́tò.

Àwọn olùkọ́ náà gbọ́n. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ yan yí àdúgbò ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí mọ́tò kọ lù wọ́n. Ojú ọ̀nà kékeré tí kò sí mọ́tò ni wọ́n gbà.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ fèrè. Mo yí kọ́nà kan, mo bá gbogbo ilé ìwé níwájú mi, pupa, búlúù, gíríìnì, yẹ́lò. Mo fún búréèkì. Búréèkì tí mo ní ó ń ṣàìsàn yẹn, ó mú ṣinṣin.

Tolúwani ló wà níwájú àwọn yẹ́lò. Ó rí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ojú tó fi wò mí, torí òun ni mi ò lè gbàgbé. Kò bínú rárá. Inú rẹ̀ dùn. Ó yà kúrò lórí ìlà, ó ń sáré bọ̀, ó ń ké sí àwọn yòókù pé, "Dádì mi ti gbé e dé." Ó yíjú sí olùkọ́ rẹ̀. "Àǹtí, mo sọ fún yín pé wọ́n ń bọ̀."

Àǹtí Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀ kí mi lójú ọ̀nà. Ó ní wọ́n ti fẹ́ yọ orúkọ ọmọ náà kúrò, ó ń sunkún láti àárọ̀, àṣé mo wà lọ́nà. Ó ní bàbá bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rá ọwọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́rùn mi. Ó yẹ kí n sọ òótọ́.

Mo ní, "A dúpẹ́."

Bí mo ṣe bá wọn yan dé pápá nìyẹn, tí mò ń ti kẹ̀kẹ́, tí fèrè ń dún níwájú, tí ọmọ mi di ọwọ́ ẹ̀wù mi mú. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn, kéékèèké, bí ọmọ ewúrẹ́. Mo gbé dúdú tèmi dúró láàárín wọn. Ó dà bí òbúkọ.

Tolúwani fẹ́ gùn ún. Ìjókòó dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń yí i wálẹ̀. Àǹtí Fèyíkẹ́ bá a wá a. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú sípánà wá, ó wò ó, ó wò mí, ó mú sípánà rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú, Mọ́rúfù ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo dé bá a bí owó ọ̀fẹ́.

"Ẹ dúró ná," ó wí. "Kẹ̀kẹ́ yìí, ọmọ ló fẹ́ sáré àbí bàbá? Bàbá Tolúwani, ti àwọn bàbá ṣì ń bọ̀ níwájú o. Ti ọmọ ọdún mẹ́fà la wà yìí. Irùngbọ̀n yín ti hewú, wọn ò ní gbà yín."

Gbogbo pápá wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí olè tó ń bá wọn pariwo olè.

Jùmọ̀kẹ́ dìde láàárín àwọn ìyá. Abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà bùbá rẹ̀, torí bọ́tìnnì ọmọ kan ló ń rán. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n jó, bó ṣe máa ń fi ìka tọ ojú rírán.

"Wọn ò fi àyè sílẹ̀," ó wí. "Aṣọ tí mo bá rán fọ́mọ, mo máa ń fi àyè sílẹ̀ kó ṣeé tú. Èyí, ẹ rán an pa."

Ojú rẹ̀ wá wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi, ti ọ̀tún, níbi tí epo ṣéènì ti dúdú sí. Ó ti ń fọ epo yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ló ń ta á sí mi lára.

Kò gbé ohùn sókè. "Ẹni tó lọ sìnkú ní Ìlọrin, ṣé òun ló ń jókòó síbí?"

Ó tún bi mí, "Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn ló ń jókòó?"

Ìyẹn kò tíì pa mí. Tolúwani ló pa mí. Kò sunkún. Ó dúró ṣanṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀, ó fà á lọ sí ìjókòó. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

"Dádì," ó wí, "mo ń jẹ ẹ̀wà. Kẹ̀kẹ́ ló ń dàgbà."

Fóònù mi dún. Hakeem ló ń béèrè ọwọ́ ilẹ̀kùn. Jùmọ̀kẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kí i dáadáa, ó ní kí wọ́n má bínú, ẹni tí wọ́n rán, tó ní òun ń mú kẹ̀kẹ́ ọmọ gbóná, wà níbi ìdíje, ìsọ̀rí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà, tó bá gba ipò kan, òun máa fi tó wọn létí.

Ó ní mi ò gbọdọ̀ kúrò. Mo di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́bàá ìlà títí wọ́n fi parí gbogbo eré. Àwọn ọmọ sáré, ọmọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn bàbá ń wá bi mí léraléra iye tí mo ra kẹ̀kẹ́ mi. Kẹ̀kẹ́ mi, ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ ti délé iṣẹ́ ṣáájú mi. Wọn ò pè mí ní Ọ̀gá BMX mọ́. Mú-un-gbóná ni wọ́n ń pè mí. Hakeem dá mi padà sídìí kọnkéré, ó ní kí n lọ mú ìyẹn náà gbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ, kò dìgbà tí ẹ bá lówó rẹpẹtẹ. Ẹ mú ọmọ dání. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó búréèkì. Bàtà tó tóbi, ọmọ á kàn máa wọ́ ọ nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó tóbi máa gbé ọmọ ṣubú, tàbí kó di ti ẹlòmíràn. Ẹ má sì fi ìdí ara yín dán an wò.

Èmi àti Tolúwani jọ padà sọ́dọ̀ Fàtíù. Mo ń ti dúdú náà, mi ò gùn ún. Fàtíù rí ìjókòó rẹ̀ láti òkèèrè, ó ti mọ gbogbo ìtàn. Ó ní òun máa gbà á ṣe pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n òun máa yọ owó ayùn tóun máa fi gé ọ̀pá tó ga bí ilé ìṣọ́ Eiffel yẹn.

Wọ́n ti ra pupa yẹn lọ. Ó gbé méjì mìíràn sọ̀kalẹ̀, gíríìnì àti búlúù kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Tolúwani gun méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ lórí méjèèjì. Ó fún búréèkì, ó gbé wọn dùbúlẹ̀, ó tún gbé wọn dìde. Fàtíù ní búlúù bá a mu gan-an, gíríìnì fi díẹ̀ gùn jù ú lọ, ó máa lè lò ó pẹ́. Ó ní èwo ló fẹ́.

Mo ya ẹnu. Mo pa á dé.

Ọmọ náà ò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Fàtíù ló bi.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni dádì mi ò lè gùn?"

Fàtíù wúkọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wọn pákó. "Búlúù," ó wí. "Tí wọ́n bá jókòó lé búlúù yìí, ó máa ká mọ́ wọn nídìí."

"Òun ni mo fẹ́," ni ọmọ mi wí. Mo na ọwọ́ pé kí n bá a tì í délé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ní kí n má ṣèyọnu.